Aránṣọ Tí Kò Dá Ojú Mọ̀ Mọ́

Gìrìgìrì ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ni ohùn àkọ́kọ́ tí ìyá aránṣọ lè rántí láyé. Abẹ́ ẹ̀rọ náà ló ti ń rákò ṣa àkísà, ibẹ̀ náà ló sì ti jogún iṣẹ́. Ogójì ọdún ló fi wọn èjìká ènìyàn. Láti òkèèrè ló ti máa ń dá oníbàárà mọ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni àìsàn gbé e ṣánlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ara yá, ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú wá di ọ̀kan náà. Dókítà ní ojú rẹ̀ ń ríran kedere. Ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ojú ènìyàn sí ló kú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohùn àti ìrìn nìkan ló kù tó fi ń mọ ènìyàn, àwọn kan tí kò kí lọ́nà sì ní ìgbéraga ni.

"Bó o bá pàdé mi lọ́nà ńkọ́?" ni ṣọbàtà ìtòsí máa ń bi í. "Wàá ní ta ni òbúkọ yìí?"

"Òórùn gọ́ọ̀mù ẹ á ti ṣíwájú ẹ dé."

Ìlú mìíràn ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé. Lórí fóònù, kò ní tíì kí i tán tí ìyá á ti máa pe oríkì rẹ̀. Ìyẹn ni ọmọ náà fi ń tu ara rẹ̀ nínú pé òun kò sí lára àwọn tó nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, kò fọhùn. Ó fẹ́ mọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó dìde. Ìyá na téèpù sí èjìká rẹ̀, ó yí i mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbọ́wọ́ sókè díẹ̀."

"Màámi."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Yéè! Ọkọ mi! Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ti fọwọ́ kàn mí, Màámi. Ẹ tún ń pè mí ní mà."

"O ti rù, ọmọ mi. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ kọ́ nìyí."

Ọjọ́ méjì ni ọmọ lò. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá, bí ẹni pé bí òun bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, òun á di àlejò.

Nígbà tó lọ tán, ìyá ṣí ìwé ìwọ̀n sí ojú ewé ọmọ rẹ̀. Ó fa igi lé ti àtijọ́, ó kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ó gé aṣọ, ó rán an, ó gán etí rẹ̀. Ó rán bọ́tìnnì ìkẹyìn mọ́ ọn, ó sì fi eyín já òwú.