Garawa Òdòdó Ìyá Mi

Ìyàwó ọmọ mi wá kí mi lónìí, ó sì ṣe oore fún mi, àtìgbà náà ni inú ti ń bí mi.

Mo ti ọjà dé, mo rí i pé ó ti yọ àgápántọ́ọ̀sì, òdòdó funfun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, kúrò nínú garawa. Ó ti gbìn ín sínú ìkòkò ńlá tuntun.

Ó ní, "Màmá, ó ti há jù. Ẹ jẹ́ kó rí àyè."

Mo ní, "Haba. Híhá yẹn ló ń jẹ́ kó tanná. Ta ló mọ ìgbà tó máa tún yọ òdòdó báyìí?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

Nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yàrá kan ni gbogbo wa ń gbé ní Nassarawa, Minna níbí. Tí a bá ń ráhùn pé ẹní ò gbà wá, ìyá mi á nawọ́ sí òdòdó inú garawa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé òun ń ráhùn?"

Lónìí, yàrá pọ̀ nílé mi. Èmi nìkan ni mò ń sùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sun ẹní kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ta ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé yín lójú oorun? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi.