Tìmùtìmù Tó Ní Egungun

Bí ẹ̀fọn méjì bá fò kọjá lójú ọkùnrin yìí, ẹgbẹ̀rún ẹ̀fọn ló rí. Bí òjò bá ta sí i lára díẹ̀, á ní òun lúwẹ̀ẹ́ délé ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ẹgbẹ̀rún, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbéyàwó wọn. Iṣẹ́ tìmùtìmù ló ń ṣe. Á gé fóòmù, á rán awọ bò ó, á kàn án mọ́ àga, á wá sọ fún oníbàárà pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa wá gbé e dìde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí irin nítorí fóòmù tó ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹnu rẹ̀ sì tún yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Bàbá Onílẹ́tà, arúgbó tó fi ogójì ọdún pín lẹ́tà kiri ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Ojoojúmọ́, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bàbá á gbé pátákó dráfù rẹ̀ wá sí ojúde ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì á jókòó sórí àpótí, ogun á bẹ̀rẹ̀.

"Lónìí ni mo máa pa yín, Bàbá!" ni Ẹgbẹ̀rún máa ń pariwo. "Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n máa fi kó egungun yín lọ!"

"Mo ti gbọ́," ni bàbá máa ń dá a lóhùn. "Sún ọmọ dráfù rẹ. Ẹnu rẹ ò sí lórí pátákó."

Ní ọdún kan ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò rí ère tí wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ló bá yá tìmùtìmù kan lọ́wọ́ Ẹgbẹ̀rún. Ẹgbẹ̀rún dúró tì í gbọnin. Kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́, ẹ̀mí tìmùtìmù rẹ̀ ló ń ṣọ́.

"Ẹ rọra o, nọ́ọ̀sì! Ẹ ti fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu tìmùtìmù mi!"

Síbẹ̀, ojú rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ pátá: àtẹ́lẹwọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, àárín àyà, tẹ̀ ẹ́ kó jinlẹ̀, tẹ̀ ẹ́ kíákíá, má dáwọ́ dúró. Tìmùtìmù náà ń rì, ó ń dìde, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ró rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Bàbá Onílẹ́tà jẹ ọmọ dráfù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ láti jẹ ìkẹrin, ó sì ṣubú lulẹ̀ láti orí àpótí. Kò mí. Ẹgbẹ̀rún pè é, kò dáhùn. Ló bá kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà bàbá. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ohun kan ró lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀: kọ̀ọ́! Kò pẹ́, òmíràn tún ró. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, ó sì fi igbe ta:

"Mo ti pa á o! Mo ti pa Bàbá!"

Barbà tó ń gẹ irun oníbàárà ní òdìkejì títì gbé ojú sókè, ó rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan lórí arúgbó, ó gbọ́ igbe yẹn, ó sì sáré wá. Àwọn èèyàn fa Ẹgbẹ̀rún kúrò tipátipá. Kí ọkọ̀ tó gbé bàbá dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Ọlọ́pàá bi í pé ṣé òun ló pa á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́pàá kò tíì rí iṣẹ́ tó rọrùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti rán aṣọ fún un. Ó kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ó fi bírò lu tábìlì. Ìpànìyàn ló kọ́kọ́ kọ. Nígbà tí fáìlì dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀rí pé ọkùnrin náà gbèrò ikú ẹnikẹ́ni, wọ́n bá yí i sí ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀: pé bàbá ń lù ú nínú ayò dráfù, inú bí i, ó ti bàbá láyà, egungun ìhà méjì ṣẹ́, ọkàn bàbá sì dúró. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn nìkan tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá.

Lọ́yà tí wọ́n yàn fún un jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó kéré débi pé nígbà tó jókòó sí yàrá àlejò ní ọgbà àtìmọ́lé, tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Báàgì rẹ̀ nìkan lèèyàn kọ́kọ́ ń rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Mo pa á ni, Àǹtí Lọ́yà. Ẹ jẹ́ n lọ ṣẹ̀wọ̀n mi."

"Ṣé ẹ tì í ni?"

"Rárá o!"

"Ẹ gbá a?"

"Kí n gbá Bàbá? Kí ọwọ́ mi rọ!"

"Báwo lẹ ṣe wá pa á?"

Ẹgbẹ̀rún wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́: nọ́ọ̀sì, tìmùtìmù, àyà bàbá, àti kọ̀ọ́ méjì yẹn.

"Tìmùtìmù ò ró," ó ní. "Bàbá ró. Mo ṣe é lódì. Bóyá ó kàn dákú ni, èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi fọ́ ọ."

Bírò lọ́yà dúró lórí ìwé. "Ẹ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

"Wọn ò bi mí. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo pa á, mo ní èmi ni."

Lọ́yà dìde. Kò ga ju ìgbà tó jókòó lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti tàn. "Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín sí, sà. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú adájọ́, ẹ má fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó bá jẹ́ méjì, ẹ pè é ní méjì."

"Méjì lásán?" Ẹgbẹ̀rún wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò láàárín ọjà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Opó Bàbá Onílẹ́tà jókòó síwájú, ó gbé pọ́ọ̀sì lé ẹsẹ̀, kò bojú wo Ẹgbẹ̀rún rárá. Agbẹjọ́rò ìjọba, tó ga débi pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀, pe barbà. Barbà ròyìn ohun tó rí àti igbe tó gbọ́. Lọ́yà kékeré dìde.

"Nígbà tẹ́ ẹ gbójú sókè, ṣé bàbá wà lórí àpótí ni, àbí ó ti wà nílẹ̀?"

"Ó ti wà nílẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i tí wọ́n tì í ṣubú?"

"Mi ò rí i. Orí oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ìgbà mélòó lẹ ti gbọ́ tí ọkùnrin yìí sọ pé òun pa èèyàn?"

Barbà fi ọwọ́ họ orí. "Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan? Ó pa èmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pa alágbàfọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó tẹ ológbò mi nírù mọ́lẹ̀, ó ní òun ti pa gbogbo ìdílé ológbò run. Ológbò náà wà nílé, ó ń jẹun."

Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ fi ìwé bo ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe dókítà tó yẹ òkú wò. Agbẹjọ́rò ìjọba ti rò pé tòun ni dókítà, àfìgbà tí lọ́yà bi í ní ìbéèrè.

"Dókítà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí egungun ìhà rẹ̀ bá ṣẹ́, kí lẹ máa ń rí níbẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń dà yí ojú ibẹ̀ ká."

"Ti bàbá yìí ńkọ́?"

"Díẹ̀ báyìí ni. Kò tó nǹkan."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró kí egungun tó ṣẹ́. Àìsàn ọkàn ló pa á." Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ náà bá ti ẹni tí wọ́n tẹ àyà rẹ̀ láti jí i mu. Tí a bá ń tẹ àyà àgbàlagbà bó ṣe yẹ, egungun sábà máa ń ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ èmi náà ti ṣẹ́ ẹ rí. A kì í tìtorí ẹ̀ dúró."

Nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, Ẹgbẹ̀rún di irin mú.

Ó kan òun fúnra rẹ̀. Ó búra, ó sọ tẹnu rẹ̀ láìfi ẹyọ iyọ̀ kan sí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí bí òógùn ṣe ń bò ó, ẹ óò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Agbẹjọ́rò ìjọba kò tíì gbà.

"Ṣé bàbá ń lù ọ́ nínú dráfù lọ́jọ́ náà, àbí kò lù ọ́?"

Gbogbo àdúgbò tó wá gbọ́ ẹjọ́ náà ló tẹ́tí. Tó bá ní òun ló ń borí, kò sí ohun tó lè bí i nínú, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń purọ́ rẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún wo opó bàbá.

"Ó ń lù mí, Olúwa mi. Ọmọ dráfù mẹ́rin ló kù sí mi lọ́wọ́, mẹ́sàn-án ló kù sí i. Ó ń lù mí lójoojúmọ́. Mi ò borí Bàbá rí."

"Há!" ni barbà kígbe látẹ̀yìn. "Ọdún mẹ́sàn-án!"

"Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ á jáde," ni adájọ́ wí. Ó wá wo Ẹgbẹ̀rún pẹ́. "Ẹni tó ti ṣẹ́gun rẹ fún ọdún mẹ́sàn-án, inú kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bíni sí irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀, adájọ́ ka ìdájọ́. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ti bàbá, pé igbe tí èèyàn ké nínú ìbànújẹ́ kò tó láti fi dá a lẹ́bi, àti pé ọwọ́ tó ń gbìyànjú láti gba ẹ̀mí là kì í ṣe ọwọ́ apànìyàn. Ó dá a sílẹ̀.

Ìyàwó Ẹgbẹ̀rún dì mọ́ lọ́yà, lọ́yà sì pòórá sínú aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ̀rún kò bá wọn yọ̀. Opó bàbá ló wá bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o fẹ́ jí i ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ má bínú, mi ò rí i jí."

Màmá nu ojú. "Ó máa ń délé wá sọ pé òun lù ọ́. Mo ń sọ fún un pé, bàbá, ẹ rọra purọ́, irọ́ yín ti pọ̀ jù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó tì í. "Èmi ni mo ń bá a gbélé. Ká ní ọ̀dọ̀ mi ló ti ṣubú, igbe lásán ni ǹ bá máa ké. Kọ́ mi ní nǹkan tó o ṣe yẹn."

Ẹgbẹ̀rún wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá ẹni tó fẹ́ dá wọn padà fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe tìmùtìmù tuntun kan. Ó gé fóòmù bí àyà èèyàn, ó to pẹlẹbẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ bí egungun ìhà, ó rán awọ bò ó, ó sì fi síìpù sí ẹ̀yìn kó lè máa pààrọ̀ igi tó bá ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì yẹn dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé tìmùtìmù náà sí ojúde ṣọ́ọ̀bù. Màmá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó tẹ̀, ó tẹ̀. Kọ̀ọ́! Màmá fò sẹ́yìn.

"Ẹ má dúró, Màmá!" ni Ẹgbẹ̀rún pariwo. "Bó ṣe máa ń ró nìyẹn! Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ!"

Màmá padà síbẹ̀, ó fún ètè pọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Barbà tẹ̀ lé e, àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé barbà.

Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì mú ìwé jáde. "Èèyàn mélòó ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lónìí, sà?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹgbẹ̀rún la ẹnu, ó pa á dé, ó fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́rìndínlógún," ó wí.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún fara dà á títí bírò fi kúrò lórí ìwé.

"Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, nọ́ọ̀sì, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún!"