Àyè Tí Ilé Onítáyà Gbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ti ká tí òmíràn kò tíì hù, ni wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó lọ sí ẹnubodè gba ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà sáré lójú ọ̀nà yẹn lónìí, tí ẹ sì ń bú u nítorí kòtò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra bú u. Àwa ti rí ìgbà tí kò sí ọ̀nà kankan. Bí ènìyàn bá fẹ́ dé Àgbádárìgì láti abúlé wa létí ọ̀sà nígbà náà, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kó fẹsẹ̀ wọ́ yanrìn títí orúnkún á fi máa bẹ̀ ẹ́.

Dírẹ́bà ni bàbá mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà náà. Ará Èkìtì ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá mi ni kò sì jẹ́ kó padà. Ègùn ni ìyá mi. Ìyá tó bí i, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni agbẹ̀bí abúlé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, bóyá ni ẹnì kan wà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á sáyé. Yorùbá rẹ̀ kò dán tó ti bàbá mi, ahọ́n Ègùn ń fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá ti ní kí o dákẹ́, kò sí bí kò ṣe níí yé ọ.

Àtíbàbà kan tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò ni Màmá fi ń gbẹ̀bí. Bí òjò bá ń rọ̀ níta, inú rẹ̀ náà ń rọ̀. Ìyá mi bí ọmọ kan síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Òjò kò dá lọ́jọ́ náà, òtútù mú ọmọ, kò sì yè. Mi ò gbàgbé bí ilé wa ṣe dákẹ́. Nígbà tí ìyá mi tún wá lóyún, tí oyún ti wọ oṣù rẹ̀, tí òjò ọdún yẹn sì ti ń ṣú kiri, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, kò kàn sẹ́ni tó ń fẹnu sọ ọ́ ni. Ìyá mi a wo ojú sánmà, a wo àtíbàbà, a sì wọlé lọ.

Ọ̀gá bàbá mi, òyìnbó kan, ló ní ilé onítáyà nínú àgọ́ wọn ní Ibereko. Ilé gidi ni o. Ó ní fèrèsé, ó ní ibùsùn, òrùlé rẹ̀ kì í jò. Orí táyà méjì ló dúró sí, irin gígùn kan sì yọ níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ń so ó kọ́ ìdí ọkọ̀. Ilé yòvó ni Màmá ń pè é, nítorí yòvó ni àwọn Ègùn ń pe òyìnbó. Nígbà tí ọkùnrin náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí bàbá mi máa gbé ilé náà lọ, ṣùgbọ́n kó ti gbé e kúrò kí wọ́n tó tú àgọ́ ká. Bàbá mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bá Màmá pé ibi tí yóò máa gbẹ̀bí ti dé, pé kí òjò tó dé yóò ti wà lábúlé.

Gbígbà ló rọrùn, gbígbé ló kù. Ilé yìí fẹ̀ ju jíìpù tí wọ́n yá bàbá mi lọ, ó yọ lápá ọ̀tún, ó yọ lápá òsì. Bí ẹ bá jókòó sídìí ọkọ̀ kí ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́, ara ilé nìkan lẹ máa rí. Bí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ni o, bí ewúrẹ́ ló sùn sẹ́bàá táyà ni o, ẹ ò lè mọ̀. Bàbá mi lọ yá dígí méjì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń dirun, ó dè wọ́n mọ́ igi, ó sì na igi náà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ìwo màlúù. Ọkọ̀ gbéra, dígí ń gbọ̀n, ó ń fi ojú ọ̀run hàn án, ó tún ń fi orí àgbọn hàn án. Ó ní bí òun bá wò ó pẹ́, èébì ni yóò gbé òun.

Màmá, tó mú mi dání wá sí àgọ́ náà, kò bá dígí ṣe. Ó gé ọparun kan, ó gbé e dábùú ẹ̀yìn ilé náà, ó gé e kó ṣe déédéé ìbú rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ lé e. Ó ní níbi tí ọ̀nà bá ti há, òun ni yóò máa gbé ọparun náà dábùú àyà lọ níwájú.

"Ibi tí ọparun bá gbà, ilé á gbà á," ló wí fún bàbá mi. "Ibi tó bá ti kọ́ igi, kí o dúró o, ọkọ ọmọ mi."

Ẹ wo wàhálà tó bá ọmọkùnrin Èkìtì. Bàbá mi máa ń fọn fèrè sí adìyẹ, ó máa ń fọn ọ́n sí ewúrẹ́, ó máa ń fọn ọ́n sí àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ wọn níwájú ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó láàárọ̀, tí yóò wá máa fọn fèrè sí i lẹ́yìn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán? Bí Màmá bá dúró kí ènìyàn, bàbá mi á dúró. Bó bá béèrè ara ọmọ tó gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, jíìpù á máa kùn, bàbá mi á máa fọwọ́ nu òógùn.

A ò tíì kúrò ní Ibereko tí àwọn obìnrin tó ti bímọ sọ́wọ́ Màmá fi yọ sí wa. Nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí ilé tuntun dé ọwọ́ olówó rẹ̀ lófìfo. Wọ́n kó iyọ̀ wá, wọ́n kó gàrí, wọ́n kó àgbọn àti igi ìdáná. Ẹnì kan ru odó wá, odó ńlá, ó ní ilé tí kò sí odó kì í ṣe ilé. Apá ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà ilé onítáyà náà wà, ibi tí wọ́n bá sì dúró sí ni wọ́n ń ju ẹrù sí, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó wọ inú lọ.

Nígbà tí a bọ́ sí ojú ọ̀dà, Màmá wọ jíìpù, ó gbé mi sáàárín òun àti bàbá mi. Inú bàbá mi dùn. Ọ̀nà tẹ́ rẹrẹ, kò sí àna níwájú, ó bá tẹ iná. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò pẹ́ tí ẹ̀yìn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ilé náà jù sọ́tùn-ún, ó jù sósì, bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀, títí tó fi ń ti ìdí jíìpù kiri. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú láti ẹnubodè, ó ń tan iná sí wa. Bàbá mi kò tẹ bíréèkì. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, ọkọ̀ akẹ́rù náà sì kọjá. Ìgbà tí a dúró tán ni mo tó rí i pé bàbá mi kò tíì lè tú ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba bàbá ènìyàn títí di ọjọ́ náà.

Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó yí ilé náà po, ó rí i pé ìdí ti wúwo, imú ti ń wòkè, ó sì ń gbé ẹ̀yìn jíìpù sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ó bẹ Màmá pé kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀. Màmá ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ohun tí wọ́n fi ọkàn gbé fúnni, a kì í já a sójú títì. Ó wọ inú ilé náà, ó fi ojú ọmọ apẹja wo gbogbo ẹrù.

"Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣojo ẹrù," ló wí. "Ibi tí wọ́n kó o sí ló ń rì í."

A bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Odó lọ sórí táyà gan-an, gàrí àti iyọ̀ tẹ̀lé e, igi ìdáná sún síwájú díẹ̀. Nígbà tí a tún gbéra, tí bàbá mi sì fi sùúrù wakọ̀, ilé náà tẹ̀lé wa wọ́ọ́rọ́wọ́.

A yà kúrò ní títì, a wọ yanrìn, Màmá padà sídìí ọparun rẹ̀. Bàbá mi tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà kí wọ́n má baà rì. Ibi tí yanrìn bá ti ju agbára wọn lọ, àwọn ará abúlé tó ti wá pàdé wa a tẹ́ imọ̀ àgbọn sílẹ̀, a gùn ún kọjá. Báyìí la ṣe dé ẹnu abúlé, níbi tí ọ̀nà ti kọ igun. Ibẹ̀ ni ọparun Màmá ti kọ́.

Igi àgbọn kan wà lápá ọ̀tún. Ilé tí ìyá àgbà kan fi ń yan ẹja wà lápá òsì, òun sì ni gbogbo oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Màmá yí ọparun síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti mú àáké dání, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó gbé e sókè. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbin àgbọn lé e. Igi ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá ẹlẹ́ja náà bí ni èyí. Màmá ló gbẹ̀bí ọmọ náà. Ó dàgbà, ó wa ọkọ̀ lọ sókun, kò sì padà. Igi yẹn nìkan ló kù tí ìyá rẹ̀ lè fọwọ́ kàn.

Òjò ti ń kùn lókè. Bàbá mi rọra sọ fún Màmá pé kí a fi ilé náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí a máa ṣe sùúrù. Màmá wo ìyá mi tó dúró láàárín èrò, tó fọwọ́ ti ìbàdí. Ìyá ẹlẹ́ja ló jáde wá. Ó wo ikùn ìyá mi, ó wo igi rẹ̀.

"Ẹ fi igi sílẹ̀," ló wí. "Ilé ẹja ni kí ẹ wó. Ọwọ́ ló kọ́ ọ, ọwọ́ á tún un kọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fa òpó kan tu. Màmá ju ọparun sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Nígbà tí wọ́n wó o tán, bàbá mi rọra wakọ̀, ilé náà kọjá láìfara kan èèpo igi. Àwọn ará abúlé bá ìyá náà kọ́ òmíràn sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà, odó tó fẹ́ pa wá sì di tirẹ̀, Màmá ló fún un. Òjò dé. Ó rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan bínú sí wa, nínú rẹ̀ náà sì ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Mo dúró lábẹ́ ilé onítáyà náà, mo gbọ́ igbe rẹ̀ lókè orí mi. Ilé kò jò.

Ilé onítáyà náà ti jẹrà tipẹ́. Ilé ìwòsàn alábúlọ́ọ̀kù ti wà, Màmá àti bàbá mi ti sinmi. Ayé ti yí. Ilẹ̀ tí àwa ń gbá bọ́ọ̀lù lé tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi owó ńlá wá a báyìí, odi sì ń pọ̀ sí i ju àgbọn lọ. Síbẹ̀, nígbà ìsinmi tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan fa ilé onítáyà tiwọn wá láti Èkó kí wọ́n lè sùn létí ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Tiwọn fẹ̀ ju ti òyìnbó yẹn lọ. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀, dírẹ́bà ń rí ìdí ara rẹ̀ nínú gíláàsì kékeré kan. Mo gbà pé ó dára ju dígí ìyá onídìrí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé igun igi àgbọn, kámẹ́rà ń fi ẹ̀yìn hàn, iwájú ló ṣòro. Wọ́n dúró, wọ́n ń họrí.

Mo ní kí wọ́n wọn ilé wọn, kí wọ́n gé ọparun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gé e. Ta ni ẹ rò pé ó gbé e síwájú wọn? Àbúrò mi ni, ọmọ ọjọ́ òjò náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báyìí. Ó gbé ọparun dábùú àyà, ó ń rìn bíi Màmá gẹ́lẹ́, ó sì ń dúró kí àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀. Ọparun gba àárín igi àti ilẹ̀ gbalasa tó wà lápá òsì, níbi tí ilé ẹja wà nígbà náà, ilé náà tẹ̀lé e, wọ́n kọjá.

Dírẹ́bà náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wo ilẹ̀ gbalasa yẹn, ó wo odi àwọn ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ilẹ̀ tó dáa báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí i?"

Mo wo igi àgbọn náà. Ó ti ga, ó ṣì ń so.

"Ẹnì kan ló fi í sílẹ̀ dè yín," ni mo wí fún un.