Kókó Tí Ìyá Abẹ́rẹ́ Rí

Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìránṣọ, ìwé ẹ̀rí girama ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, kò sì ní in. Bó ṣe di ọmọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa nìyẹn, ní àárọ̀ Sátidé, nínú yàrá àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí orúnkún wa ti máa ń lu abẹ́ tábìlì. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, èmi awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì.

Gbogbo iṣẹ́ ló ń yé e àyàfi lítíréṣọ̀. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, Tíṣà wa, ọmọ tí a lè bí, ní ká fa kókó inú ìtàn kan yọ. Èmi kọ "sùúrù". Sùúrù ni mo máa ń kọ sí gbogbo ìtàn, torí kò sí ìtàn tí ẹnì kan kò ti ní mú nǹkan mọ́ra. Ìyá Abẹ́rẹ́ kọ ojú ewé kan àbọ̀. Lójú aránṣọ, kókó ni ibi tí òwú ti lọ́ mọ́ra wọn tí abẹ́rẹ́ kò fi lè kọjá. Ló bá ń wá gbogbo ibi tí ìtàn ti há: "Òjò pa ọkùnrin yìí ní ojú ewé kejì, ní ojú ewé kẹta aṣọ rẹ̀ ti gbẹ. Ta ló bá a sá a?" Òdo ló gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Tíṣà ṣàlàyé fún un pé ohun tí ìtàn dá lé lórí ni kókó, pé òǹkọ̀wé kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ìdánwò kejì dé, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le sí i: ojú ewé mẹ́ta ló kọ.

Tíṣà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Tí ẹ ò bá rí tẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, mi ò ní lè forúkọ yín sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá."

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò sì ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ìtàn kẹta kò gùn. Obìnrin kan ń gbé àwo méjì kalẹ̀ lálaalẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò láti ọdún mọ́kànlá. Bí aládùúgbò bá béèrè rẹ̀, á ní lẹ́tà rẹ̀ dé lánàá. Èmi kọ sùúrù. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi kọ ìfẹ́ tòótọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà lọ bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò, ó wá dúró síbì kan, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé ó tún ti há.

Tíṣà ní kí kálukú sọ kókó tó rí. Nígbà tó kan Ìyá Abẹ́rẹ́, ó dìde. "Lẹ́tà tó ní ó dé yẹn, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti gbé e wá nínú ìtàn yìí. Kò kà á. Kò fi pamọ́. Ibẹ̀ ni kókó wà. Kì í ṣe pé ó ń dúró de ọkọ. Ojú ló ń tì í láti sọ pé ọkọ ti já òun sílẹ̀."

Tíṣà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní gbogbo kíláàsì tí òun ti kọ́, kò tíì sẹ́ni tó rí i. "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi náà ti ń sọ pé lẹ́tà dé."

Tíṣà fa ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́ra, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ojú tì mí nígbà tí a jáde. Ní gbogbo Sátidé, bí a bá fẹ́ pínyà, "Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Bàbá, ẹ bá mi kí wọn o" ni mo máa ń sọ fún un, òun náà á ní, "Wọ́n á gbọ́." Lọ́jọ́ yẹn mo dúró lẹ́nu géètì bí ẹni tí mọ́tò kú mọ́ lọ́wọ́.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Awakọ̀, èmi ni kí ẹ máa kí."