Efinrin Ìdí Balùwẹ̀

Lánàá, mo jókòó síwájú ilé mi ní Èrúwà nígbà tí aládùúgbò mi já efinrin sínú ọbẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú ni mo dìde wọlé. Àwọn ọmọ mi rò pé ebi ló ń pa mí. Kì í ṣe ebi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí òórùn yẹn ti ń lé mi wọlé, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ìgbó-Ọrà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn ilé, níbi tí omi balùwẹ̀ ti ń ṣàn jáde, efinrin kan wà níbẹ̀ tó ga jù mí lọ, tó gbilẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè sùn sábẹ́ rẹ̀ kí á wá a tì. Omi ìwẹ̀ wa ló ń mu. Ìyá Àgbà a máa sọ pé ìdí nìyẹn tó fi mọ gbogbo wa. Bí inú bá ń run ọmọ, yóò gbo ewé náà pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Bí àdá bá ṣá ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ lóko, wọn á fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹni náà á sì ké bí ẹni tí wọ́n tún ṣá. Ìyá ọmọ tuntun ń jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ tó ta lẹ́nu. A tún máa ń jó o nínú àpáàdì kí ẹ̀fọn lè fi wá sílẹ̀. Ẹ̀fọn a lọ, ikọ́ a sì dé.

Láti Ìdèrè ni Ìyá Àgbà ti gbé efinrin yìí wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, láti ìdí balùwẹ̀ ìyá tirẹ̀. Ọmọbìnrin ilé wa tó bá ń lọ ilé ọkọ, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò hú ẹ̀ka kan tòun ti gbòǹgbò, yóò fi ewé kókò wé e, yóò sì gbé e lé e lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣe é fún Àǹtí Àdùkẹ́, àbúrò bàbá mi, tó lọ ilé ọkọ ní Èrúwà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí tèmi.

Nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún, láàrin àwọn ọdún 1980, ìmọ́tótó di ọ̀ràn ńlá. Wolé-wolé ń ti ojúlé dé ojúlé, ẹni tí igbó bá wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, kóòtù ló ń lọ. Tíṣà wa kọ́ wa pé inú omi tó dúró sábẹ́ ewé ni ẹ̀fọn ń pamọ sí. Mo mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ló ń ṣe ipò kìíní. Mo wo ìdí balùwẹ̀ wa, mo rí omi, mo rí ewé, mo sì rí Ìyá Àgbà níwájú adájọ́. Kí n má purọ́, ojú tún ń tì mí pé ewé la ṣì ń gbo nílé wa nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lo oògùn òyìnbó. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí wolé-wolé ń bọ̀, Ìyá Àgbà lọ pọn omi. Mo fi ọkọ́ hú efinrin náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, mo wọ́ ọ lọ sórí ààtàn tó ń jó, mo gbálẹ̀ ibẹ̀ tónítóní, mo sì dúró de ìyìn.

Wolé-wolé ló kọ́kọ́ dé. Kò wo kòtò omi rárá. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ tààrà pẹ̀lú ọ̀rá kékeré lọ́wọ́. Ó bi mí pé efinrin Màmá dà, pé inú ń run ọmọ òun láti àná. Àṣé gbogbo ìgbà tó bá wá ló máa ń já nínú rẹ̀ lọ sílé. Kí n tó lè fèsì, Ìyá Àgbà wọlé tòun ti omi lórí. Òórùn ààtàn ti sọ fún un. Ó sọ omi kalẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé pé nítorí tirẹ̀ ni, pé ẹ̀rù kóòtù ló bà mí.

"Ta ló ní kí o gbà mí?"

Kò nà mí. Ì bá nà mí, ọ̀rọ̀ ì bá tán.

Kò gbin òmíràn. Nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ, ó gbàdúrà fún mi bó ṣe yẹ, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà sì ṣófo. Àwọn ìyàwó ilé ń wolẹ̀. Mo dé Èrúwà tán, mo tọ Àǹtí Àdùkẹ́ lọ, ó hú ẹ̀ka kan fún mi nínú tirẹ̀. Mo fi ewé kókò wé e, mo wọ mọ́tò padà sí Ìgbó-Ọrà, mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ ká gbìn ín padà. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà fún mi.

"Ti Àdùkẹ́ nìyí. Mo ti fún un. Tìrẹ lo jó."

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Àgbà kú. Ẹ̀ka náà gbẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mi ò lè gbìn ín.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, efinrin kò wọ́n fún yín. Wọ́n ń dì í ní ọ̀rá tà lọ́jà, ó sì ṣì ń dá inú rírun dúró bó ṣe ń ṣe látijọ́. Ilé wa ní Ìgbó-Ọrà ti ní balùwẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́, simẹ́ńtì bo ibi tí efinrin wà. Ti Àǹtí Àdùkẹ́ nìkan ló kù. Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ ilé ọkọ, efinrin wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ewé kókò. Ọmọ mi obìnrin dúró tì mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun náà fẹ́ mú un dání lọ́jọ́ tòun.

Mo sọ fún un pé wọn kì í ṣe é nílé tiwa.