Ọjọ́ tí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Kúnlẹ̀ Fún Mi

Ọjọ́ tí èmi àti Mọ́mì lọ wo haiskúùlù kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí ilé wa ní Chicago ló wù mí, torí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Mọ́mì kọ̀ jálẹ̀. Òmíràn tó wà lódìkejì ìlú ló fẹ́.

“Ṣé ẹja ni mo bí ni?” ló wí.

Síbẹ̀, ó tẹ̀lé mi lọ. Bí a ṣe wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin Amẹ́ríkà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, nawọ́ sí mi. Mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, lòun náà bá kúnlẹ̀ síwájú mi!

Mọ́mì figbe ta. “Yéè! Please, Ma, ẹ dìde! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé!” Ó sáré kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, tí à ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí a délé, Mọ́mì yíjú sí mi. Ó wá mí kanlẹ̀.

“Ẹni tó lè kúnlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ á tọ́jú ẹ. Ẹja mi, jẹ́ ká lọ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́.”