Ẹ Ṣeun, Mo Ti Yó

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ọ̀yọ́ kì í na ọmọ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ojú ló fi ń nà wá. Bí a bá dé ilé onílé tí wọ́n ní ká wá jẹun, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Kò kan ẹnikẹ́ni bóyá ebi ń pa ọ́. Bí onílé bá tún rọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Ìgbà tó bá fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́ lo tó lè jókòó, kí o sì máa jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ọmọ tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ̀bìà ni, ó sì ti tú àṣírí ilé wọn síta. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ó mọ́ mi lára débi pé mo gbàgbé pé wọ́n kọ́ mi ni. Mo rò pé Ọlọ́run ló dá ìtẹ́lọ́rùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo kó wá sí Joju ní Sango, ẹ̀gbọ́n aránṣọ kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi mọ eré náà dáadáa. Ọmọ Ọ̀ṣun ni. Á rọ̀ mí, màá kọ̀, á bú mi, màá jẹun. Ọbẹ̀ á ti tutù kí a tó parí ìjà, ṣùgbọ́n a ó jẹ ẹ́ náà ni.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango, nídìí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá. Àárọ̀ ọjọ́ kan, máníjà pè mí. Ọmọ Bẹ́núè ni, Píjìn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Súpáfáísọ̀ wa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ipò rẹ̀ sì ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Owó ibẹ̀ sàn, àga sì wà níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi tó ń wú.

"You be correct person," ó ní. "You go do am?"

Inú mi dùn gan-an. Ẹnu mi sì ti dáhùn kí n tó débẹ̀: "Ah, thank you, sir. Make you no worry."

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ń retí kó rọ̀ mí. Ó ní, "OK," ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo dúró. Mo tún ìborí mi ṣe. Mo wúkọ́. Ó gbójú sókè, ó ní ṣé nǹkan mìíràn tún wà ni. Mo ní rárá, sà.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Àbí o fẹ́ kó fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́ ni?"

"Ohun tí mò ń dúró dè gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Yéè! Lọ sọ fún un lọ́la pé o fẹ́ ẹ, kó tó fún ẹlòmíì."

Inú bí mi sí ìyá àgbà nínú sàréè, ojú sì tì mí lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé mo fẹ́ nǹkan. Ènìyàn ni mi ò sọ ọ́ fún rí.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà ní kí n jókòó. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó fi omi lọ̀ mí. Mo ní mo ti mu, bẹ́ẹ̀ ọ̀fun mi gbẹ táútáú. Ó wá béèrè ohun tí mo fẹ́ gan-an.

"Sir, that work. I want am!"

Mo pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń kọjá níta yíjú wò wá. Òun náà wò mí. "Why you no talk since? Oya, take am."

Mo gbọ́ "Ah, sir, make you no worry" tó tún ń gun ọ̀fun mi bọ̀. Mo sáré fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu mi, mo sì ń mi orí sí i, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí mo fi fẹ̀yìn rìn jáde.